Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, D7 wà nínú WAEC mi: ṣé mo ṣì lè di dókítà?

Ẹ BI ÌYÁ FÍSÍÌSÌ

Ìyá Físíìsì kọ́ àwọn ọmọ girama ní Ìjẹ̀bú-Òde àti ní Rẹ́mọ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Oṣooṣù ni wọ́n ń dá àwọn òǹkàwé wa lóhùn lórí ọ̀ràn ìdánwò àti ilé-ẹ̀kọ́ gíga.

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ẹni ọdún 31 ni mí. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, ilé ọkọ mi wà ní Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó. Ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera tó wà ní Ìlésẹ̀ ni mo ti gba ìwé CHEW, ìyẹn ti òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìlera ìjọba ìbílẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìwọ̀n aboyún, ibà, egbò, gbogbo rẹ̀ ni mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí ọ̀ràn bá ti le díẹ̀, ìwé ni mo máa ń kọ pé kí wọ́n máa gbé aláìsàn lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù, n kì í sì í mọ ibi tó padà já sí. Ó ti sú mi. Èmi náà fẹ́ wà lápá ọ̀hún.

WAEC mi rèé: Gẹ̀ẹ́sì C6, Máàsì C5, Báyọ́lọ́jì B3, Kẹ́místírì C6, Físíìsì D7. Mo bí ọmọ méjì. Ọkọ mi kò sọ pé rárá, ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Àǹtí mi ní kí n lọ ṣe nọ́ọ̀sì, pé ìyẹn rọrùn. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa ń dá owó aṣọ Ojúde Ọba, èmi ń wá owó GCE tí n ó fi tún WAEC kọ. Ẹnì kan ní òun mọ ọ̀nà tí D7 yẹn yóò gbà di C, kí n ṣáà mú owó wá. Ẹlòmíràn ní kí n fi ìwé CHEW gba Direct Entry wọ ọdún kejì yunifásítì. Ṣé wọ́n á tiẹ̀ wo ojú mi ní ọjọ́ orí yìí, Màmá?
Ọmọ Òkè-Àgbò

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ọ̀ràn ọjọ́ orí ni n ó kọ́kọ́ gbé kúrò lọ́nà, nítorí òun ló kéré jù nínú gbogbo ohun tí o kọ. JAMB ní iye ọdún tí èèyàn kò gbọ́dọ̀ dín sí, ìyẹn 16. Wọn kò ní èyí tí èèyàn kò gbọ́dọ̀ jù. NYSC ni ó ń ka ọdún àgbà, òun náà kì í sì í fi ṣe èèyàn níbi: ẹni tó bá ti lé ní 30 nígbà tó gboyè, ìwé ìyọ̀ǹda ni wọ́n ń fún un, kò ní sìnlú.

Ìṣirò tó yẹ kí o ṣe lójú ọkọ rẹ nìyí. Ká ní o kọ GCE ti ìparí ọdún yìí, o ṣe JAMB lọ́dún tó ń bọ̀, o wọlé ní ẹni ọdún 32. Ọdún mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ ìṣègùn, bí àwọn olùkọ́ yunifásítì kò bá daṣẹ́ sílẹ̀ láàárín. Ọdún kan ni housemanship, iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn lẹ́yìn ìgboyè, àmọ́ wọ́n ń san owó oṣù nínú ìyẹn. O ti di ẹni ọdún 39 kí MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà, tó fún ọ ní ìwé àṣẹ kíkún. Ta ni yóò máa gbé àwọn ọmọ méjì yẹn ní àwọn ọdún tí o bá ń sùn sí wọ́ọ̀dù ní Ṣágámù? Fi nọ́ńbà yìí síwájú ọkọ rẹ, kí o wò ó bóyá ẹ̀rín yẹn ṣì wà níbẹ̀. Lójú tèmi, ọkọ tó ṣírò tó sì bínú sàn ju èyí tó ń rẹ́rìn-ín lọ. Ìyẹn ti gbọ́ ohun tí o sọ.

Ó ku D7. Òun gan-an ni ọ̀ràn.

Ìmọ̀ ìṣègùn ń fẹ́ kírẹ́díìtì márùn-ún: Gẹ̀ẹ́sì, Máàsì, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́místírì, Físíìsì. Kírẹ́díìtì parí sí C6. D7 rẹ kò wọ̀ ọ́, kò sì sí máàkì JAMB tó ga tó láti bò ó. Ìbéèrè tó yẹ kí o bi mí ni bóyá Físíìsì nìkan ni kí o tún kọ, tàbí gbogbo rẹ̀. Èmi ní gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ni kì í gba èsì ìjókòó méjì fún ìṣègùn, kódà bí wọ́n bá ń gbà á fún ẹ̀kọ́ mìíràn. Àwọn kan tún wà tó ń fún èsì WAEC fúnra rẹ̀ ní máàkì nígbà tí wọ́n bá ń ro àròpọ̀, C6 méjì tó wà lọ́wọ́ rẹ yóò sì fà ọ́ sẹ́yìn níbẹ̀. Bí o bá máa jókòó nítorí ẹyọ kan, jókòó nítorí márààrún.

Àǹfààní mìíràn wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kì í nílò. Orúkọ ta ni ó wà lórí NIN rẹ? Bí o bá ti fi orúkọ ọkọ sí i, tí WAEC àtijọ́ sì jẹ́ orúkọ bàbá rẹ, wàhálà ń dúró dè ọ́, nítorí inú NIN ni JAMB ti ń fa orúkọ jáde. Bí o bá tún márààrún kọ, fi orúkọ tó wà lórí NIN forúkọ sílẹ̀, lẹ́tà fún lẹ́tà, kí èsì tuntun àti JAMB bára mu. Síbẹ̀, tọ́jú ìwé ìgbéyàwó rẹ àti ìwé ìròyìn tó gbé ìyípadà orúkọ náà jáde, nítorí ìwé CHEW rẹ ṣì ń jẹ́ ti bàbá.

Wàyí o, Físíìsì. Ibi tí mo ti ń rí àwọn àgbà tó ń fìdí rẹmi ni apá kẹta, àwọn ìbéèrè iṣẹ́ àṣefihàn. Wọ́n máa ń bẹ̀rù pé àwọn kò rí láàbù lò. GCE kì í mú ẹ lọ sí láàbù! Ẹni tó bá kọ ìdánwò fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe láti ilé-ìwé, Alternative to Practical ni wọ́n ń fún un. Ìbéèrè mẹ́ta ni, wàá mú méjì, fún wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Máàkì 50 ló wà níbẹ̀. Apá kìn-ín-ní ní 50, apá kejì ní 60. Gbé e sí ara wọn, wàá rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta gbogbo máàkì, àwọn èèyàn sì ń fi í ṣeré.

Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á ya àwòrán irinṣẹ́ sínú ìwé ìbéèrè: okùn tó so ìwọ̀n rọ̀, ojú stopwatch, ojú ámítà. Wàá fi rúlà tìrẹ wọn gígùn okùn tó wà nínú àwòrán, wàá kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, lẹ́yìn náà ni wàá fi síkéèlì tí wọ́n fún ọ sọ ọ́ di gígùn gidi. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, tó kọ gígùn gidi nìkan, ti ju máàkì nù. Bí o bá kọ 2.5 sí ìlà kan nínú tábìlì, má kọ 3 sí ìlà tó tẹ̀lé e, 3.0 ni. Orí tábìlì ni ẹyọ ìwọ̀n ń gbé, a kì í kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Lórí gíráàfù, má ṣe fi mẹ́ta-mẹ́ta tàbí méje-méje pín síkéèlì, yóò da orí rẹ rú nígbà tí o bá fẹ́ to àmì. Pẹ́ńsùlù tó mú ni kí o fi fa ìlà. Bí wọ́n bá ní kí o wá slope, ya onígun mẹ́ta tó tóbi, kì í ṣe kékeré bíńtín tí àwọn ọmọ máa ń há sí igun kan.

Ìgbà tí wọ́n bá sì ní kí o sọ ohun tí o ṣọ́ra fún, ohun tí o ti ṣe ni kí o kọ, kì í ṣe ohun tí wàá ṣe. “I avoided parallax error in reading the metre rule.” Ẹni tó bá kọ “I will avoid” fi ara rẹ̀ hàn pé ńṣe ni òun há a sórí.

Ojú rẹ ti là sí èyí ju bí o ṣe rò lọ. Nígbà tí ẹ bá so ọmọ rọ̀ sórí ìwọ̀n, tí ọmọ ń ta ẹsẹ̀, tí abẹ́rẹ́ ìwọ̀n ń mì, ṣé kì í ṣe pé wàá dúró kó dákẹ́, wàá gbé ojú rẹ dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀ kí o tó kọ ọ́ sínú káàdì? Yíyẹra fún parallax nìyẹn, àṣìkà tí ojú tí kò dọ́gba ń fà. Láti ọjọ́ tí o ti wọ Ìlésẹ̀ ni o ti ń ṣe é.

Ní ti JAMB, Gẹ̀ẹ́sì, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́místírì àti Físíìsì ni, ìbéèrè 180 fún wákàtí méjì lórí kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ àwọn ọmọdé ti yá sí kọ̀ǹpútà. Ti ìwọ ni láti jókòó sí kọ̀ǹpútà títí ọwọ́ rẹ yóò fi yá. Má jẹ́ kó jẹ́ inú yàrá ìdánwò ni wàá ti kọ́kọ́ di máòsì mú.

Àǹtí rẹ kò rò ó tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kì í ṣe ibi tí ẹni tó ní D7 ń sá sí. Àwọn kírẹ́díìtì márùn-ún yìí kan náà ni àwọn náà ń béèrè, Físíìsì ń bẹ nínú rẹ̀. Bí o bá fẹ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣe é nítorí pé o fẹ́ ẹ. Ẹni tó ní kí o fi ìwé CHEW gba Direct Entry ń ṣì ọ́ lọ́nà, ìwé yẹn kò lè gbé ọ wọ ọdún kejì ìṣègùn. Èyí tó ní òun yóò sọ D7 di C ńkọ́? Má tilẹ̀ dá a lóhùn. Yunifásítì máa ń fi èsì tí o mú wá wé èyí tó wà lọ́wọ́ WAEC, ọdún kẹrin sì ni àṣírí lè tú, lẹ́yìn tí o ti jẹ gbèsè tán.

Ibi tí o máa yàn: OOU, Yunifásítì Olabisi Onabanjo, ni mo máa fi ṣe àkọ́kọ́ bí mo bá jẹ́ ìwọ. Ti ìpínlẹ̀ wa ni, Àgọ́-Ìwòyè sì nìyẹn, kò jìnnà sí Òkè-Àgbò rárá, ilé ni wàá ti máa lọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣágámù ni ilé ìwòsàn ìkọ́ni wọn wà, ibẹ̀ ni ilé yóò ti jìnnà. Kí o tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, lọ bi àwọn ọ̀gá rẹ ní ìjọba ìbílẹ̀ nípa ìyọ̀ǹda láti lọ kàwé. Ọ̀pọ̀ ló ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ láìbéèrè. Owó aṣọ Ojúde Ọba, san án bí o bá lè san án. GCE kì í ṣe ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Màmá, ẹ̀gbọ́n yín láti Ìpẹ̀rù-Rẹ́mọ ni... mo ṣe àṣìsọ, àbúrò yín ni. Ọdún 34 ni mí, mo ní B.Sc. Microbiology, second class lower. WAEC mi pé. Ṣé ó dìgbà tí mo bá tún ṣe JAMB ọmọdé? Wọ́n tún ní kí n lọ ṣe JUPEB.
Alákòóso Ọjà

Ọkọ mi, o pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń fi B.Sc. gbani sí ìṣègùn ń fẹ́ second class upper, ẹnu ọ̀nà yẹn há fún ọ. Ṣùgbọ́n bí o bá gba ọ̀nà JAMB, kò sẹ́ni tí yóò béèrè lower lọ́wọ́ rẹ. WAEC àti máàkì tuntun ni wọn yóò wò. JUPEB dára: ọdún kan, ẹ̀kọ́ mẹ́ta, ó sì lè gbé èèyàn wọ ọdún kejì níbi tí wọ́n bá ti ń gbà á fún ìṣègùn. Àmọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí o ń lé kí o tó sanwó, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń ta fọ́ọ̀mù. Inú mi sì dùn pé WAEC rẹ pé, nítorí JUPEB kì í wo kírẹ́díìtì tó bá sọnù sàn.

Babcock ní Ìlíṣàn wà nítòsí rẹ, mo mọ̀ pé òun ni ojú rẹ wà. Kí o kàn mọ̀ pé NELFUND, owó tí ìjọba ń yá akẹ́kọ̀ọ́, kò kan ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, ti ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ nìkan ni. Bí o bá ti sìnlú tẹ́lẹ̀, o kò ní sìn ín mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, èsì JAMB ti èṣí, ṣé ọmọ mi ṣì lè fi wọlé lọ́dún yìí?
Ìyá Ìbejì, Odògbolú

Rárá, Ìyá Ìbejì. Ọdún kan péré ni tirẹ̀. WAEC ni kì í kú.