Kí ni àwòrán MRI lè sọ nípa iṣan ẹ̀yìn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹni ọdún 38, ní irú muscular dystrophy (àrùn tó ń sọ iṣan ara di aláìlágbára díẹ̀díẹ̀) tí wọ́n ń pè ní FSHD. Apá wọn kì í gòkè dáadáa mọ́, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀ wọnú, ikùn wọn sì yọ síwájú. Ẹ́síréè tí wọ́n yà kò fi àbùkù kankan hàn lára eegun, síbẹ̀ dókítà tún ní kí wọ́n lọ ya MRI iṣan ẹ̀yìn, ìyẹn àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ olóòfà yà. Ṣé ó pọn dandan? Òǹkàwé yín, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ohun tí dókítà béèrè fún mọ́gbọ́n dání, nítorí pé eegun ni ẹ́síréè ń fi hàn, kò lè sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí iṣan tó dì mọ́ ọn. Nínú FSHD, jíìnì kan tó ń jẹ́ DUX4, tó yẹ kó dákẹ́ nínú iṣan àgbàlagbà, ni kò dákẹ́. Iṣan a máa kú díẹ̀díẹ̀, ọ̀rá a sì máa gba ipò rẹ̀. Ojú, èjìká àti apá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ àrùn náà, bẹ́ẹ̀ ó máa ń ba àwọn iṣan tó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá jẹ́ pẹ̀lú, àwọn gan-an tó ń mú wa nàró.

Ó rọrùn láti fi ọwọ́ dán agbára apá wò. Ti ẹ̀yìn kò rí bẹ́ẹ̀: bí aláìsàn bá da ikùn délẹ̀ tó ń gbìyànjú láti gbé àyà sókè, iṣan ìdí àti ti ẹ̀yìn itan a máa ràn án lọ́wọ́, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kò sì ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Lórí oríṣi àwòrán MRI kan tí wọ́n ń pè ní T1, ọ̀rá a máa funfun, iṣan tó yè a sì dúdú díẹ̀. Ọ̀nà tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Dixon gbé jáde ní 1984 tún ya omi kúrò lára ọ̀rá, débi pé a lè mọ ìdá mélòó nínú iṣan kan ló ti di ọ̀rá. Àwọn oníwàádìí ní Copenhagen, olú ìlú Denmark, ti lò ó fún àwọn tó ní FSHD, wọ́n sì rí i pé ọ̀rá inú iṣan ẹ̀yìn wọn pọ̀ ju ti àwọn tí ara wọn le lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àwòrán nìkan ṣèdájọ́. Bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, ọ̀rá a máa wọ iṣan ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ẹni tí kò ṣàìsàn rárá, nítorí náà ẹgbẹ́ wọn lọ́jọ́ orí ló yẹ kí wọ́n fi ẹ̀gbọ́n yín wé, kí onífisiotẹ́rápì sì wọn agbára ẹ̀yìn wọn pẹ̀lú.

Kò tíì sí oògùn tó ń dá FSHD dúró. Bí owó bá ṣòro, ẹ bi dókítà bóyá ohun kan wà nínú ìtọ́jú wọn tó ń dúró de èsì yìí, àbí ó kàn fẹ́ ní ìpìlẹ̀ tí yóò fi mọ bí àrùn náà ṣe ń rìn. Bí wọ́n bá máa yà á, kí wọ́n sọ ṣáájú bí irin tàbí ẹ̀rọ ọkàn bá wà lára wọn, nítorí òòfà ńlá ni MRI. Fífi ẹ̀yìn lélẹ̀ pẹ́ a máa ni ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ lára, kí wọ́n béèrè ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún. Ẹ gba àwòrán náà sọ́wọ́, kí wọ́n lè fi wé èyí tí wọ́n bá tún yà lọ́jọ́ iwájú.