Ìyá ọkọ mi ní àfi kí n lóyún káwọn tó wá tọrọ mi

Ọmọ mi, ìwọ tó pe ara ẹ ní "Ọ̀rọ̀ Tojú Sú Mi" láti Ìbàdàn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà ẹ. O ní ọmọ ọdún 31 ni ẹ́, inú kwáyà nìwọ àti ọkọ àfẹ́sọ́nà ẹ ti pàdé, ẹ sì jọ pinnu pé ẹ ò ní bára yín sùn títí dọjọ́ ìgbéyàwó. Màmá ẹ̀ wá ní àwọn ò ní yọjú síbi ìdána kankan tóyún ò bá tíì dúró, torí ìyàwó ọmọ wọn àgbà pẹ́ kó tó bí, ojú wọn sì rí màbo. Màmá tìẹ náà ní kó o gbà, àbí o fẹ́ darúgbó sílé ni. O wá ń bi mí bóyá àṣejù lò ń ṣe.

Rárá o. Ìwọ fúnra ẹ lo kọ Tẹsalóníkà Kìíní orí 4, tó ní ká ta kété sí àgbèrè, sínú lẹ́tà, kí ni màá tún máa wàásù fún ẹ sí. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ń ní kí ìyàwó lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì oyún kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀, tí wọ́n bá sì bá oyún níbẹ̀, àwọn tó ń tì ẹ́ yìí gan-an ló máa kọ́kọ́ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àmọ́ kì í ṣe ìyá yẹn ló ń kọ mí lóminú, ọkùnrin yẹn ni. O kọ ohun tí màmá ẹ̀ sọ, ohun tí àǹtí ẹ̀ sọ, ohun tọ́rẹ̀ẹ́ ẹ sọ, tiẹ̀ ò ju "ṣe sùúrù, mi ò fẹ́ bí màámi nínú" lọ. Ha, Ọba Sọ́ọ̀lù inú Bíbélì náà sọ irú ẹ̀! Sámúẹ́lì Kìíní orí 15, Ọlọ́run ní kó má dá nǹkankan sí lára ohun ìní àwọn ará Ámálékì, ó dá ẹran tó sanra sí, nígbà tí wòlíì Sámúẹ́lì ká a mọ́ ó ní ẹ̀rù àwọn èèyàn ló ba òun. Ẹsẹ 30 ló tún wá yà mí lẹ́nu jù, wọ́n ti sọ fún un pé ìjọba ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ o, ohun tó ṣì ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí Sámúẹ́lì jọ̀ọ́ bu ọlá fún òun níwájú àwọn àgbààgbà.

Má fojú di màmá o, ohun tójú wọn rí ló ń bà wọ́n lẹ́rù, kúnlẹ̀ kí wọn bó o ṣe ń kí wọn tẹ́lẹ̀. Ẹ lọ sọ́sípítù, ẹ ṣe jínótáìpù, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì yẹ òun náà wò, torí mi ò mọ ìdí tó fi jẹ́ obìnrin nìkan ni wọ́n ń tọ́ wò bí ọbẹ̀. Tí ìyẹn ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ọmọ wọn ló yẹ kó sọ fún wọn pé kò ṣeé ṣe, kì í ṣe ìwọ. Mi ò ní purọ́ fún ẹ, ìgbéyàwó yẹn lè bà jẹ́ torí ẹ̀, wàá sì sunkún.

Ẹ jókòó, ẹ̀yin méjèèjì nìkan, kó o bi í pé "ìwọ ńkọ́, kí lo fẹ́?" Tó bá ní òun máa bá màmá òun sọ ọ́, ẹ jọ lọ rí àgbà kan tí màmá ẹ̀ máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Tó bá tún jẹ́ "ṣe sùúrù" ló sọ, má tíì sanwó aṣọ ẹbí fẹ́nì kankan o.