Kí ni «ìlà-oòrùn» nínú géèmù Minecraft, kí sì nìdí tí kọ́ńpáàsì ibẹ̀ kò fi tọ́ka sí àríwá?

Ẹ ní àwọn ọmọ yín méjì ń gbá Minecraft, wọ́n sì ń júwe «ìlà-oòrùn» àti «gúúsù» fún ara wọn. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní ìtumọ̀ nínú ayé tí a fi kọ̀ǹpútà dá, àti ìdí tí kọ́ńpáàsì tí wọ́n rọ níbẹ̀ kì í fi wo àríwá.

Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀, èyí tí àwọn baba wa fún un gan-an ni. Ibi tí oòrùn ti ń là ni ìlà-oòrùn, ibi tí ó ń wọ̀ sí ni ìwọ̀-oòrùn. Oòrùn wà nínú Minecraft, onígun mẹ́rin ni, apá kan náà ni ó ti ń là lójoojúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ́jú 20 péré ni ọ̀sán àti òru ń gbà pọ̀ níbẹ̀. Àwọsánmà ibẹ̀ kì í lọ síbòmíràn àfi ìwọ̀-oòrùn, òdòdó sunflower sì máa ń kọjú sí ìlà-oòrùn láìyí padà. Àríwá àti gúúsù ni kò sọ ibi tí wọ́n wà fún etí Yorùbá. Àríwá tilẹ̀ jọ «arewa» tí àwọn Hausa ń wí. Ẹni tí ó bá kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń là ni yóò mọ̀ pé àríwá wà lọ́wọ́ òsì òun, gúúsù lọ́wọ́ ọ̀tún.

Ẹ gbọ́ bí ọmọdé kan ṣe ń júwe ọ̀nà:

«Ẹ̀gbọ́n mi, ibo lẹ wà?»

«Kọjú sí ìlà-oòrùn, máa bọ̀ títí wàá fi kan odò. Má sọdá o. Yà sọ́wọ́ òsì, kó o gba etídò, wàá rí iná lórí òkè.»

Bí a ṣe ń júwe ilé fún àlejò nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n náà kọ́kọ́ sọ ibi tí àbúrò rẹ̀ yóò kọjú sí, nítorí pé ọwọ́ òsì ẹni tí ó kẹ́yìn sí odò kọ́ ni ọwọ́ òsì ẹni tí ó kọjú sí i. Àwọn mìíràn a máa fi nọ́ńbà mẹ́ta dáhùn, èyí tí bọ́tìnnì F3 ń gbé jáde lórí kọ̀ǹpútà: X ń pọ̀ sí i bí a bá ń lọ sí ìlà-oòrùn, Z ń pọ̀ sí i bí a bá ń lọ sí gúúsù, Y sì ni gíga. Kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí adùn nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Kọ́ńpáàsì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀ jù. Irin mẹ́rin àti redstone kan (lẹ́búlẹ́bú pupa kan nínú géèmù náà) ni wọ́n fi ń rọ ọ́, ibi tí ayé náà ti kọ́kọ́ gba àwọn tó wọ inú rẹ̀ sí ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì máa ń tọ́ka sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ibẹ̀ ní «ilé». Èmi kò fara mọ́ ọn. Bí ọmọ yín bá kọ́lé sí ibi tó jìnnà, tó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì náà ni yóò ti jí bí ó bá kú nínú géèmù, ṣùgbọ́n kọ́ńpáàsì kò ní tìtorí ìyẹn yí ojú padà. Orírun ni ọ̀rọ̀ tó yẹ ẹ́. Ẹni tí ó ti ń gbé Èkó láti 30 ọdún, bí a bá bi í pé ọmọ ibo ni, Ìjẹ̀bú-Igbó ni yóò wí, kò ní dárúkọ àdúgbò rẹ̀.

Bí wọ́n bá wọ Nether, ayé mìíràn tó kún fún iná nínú géèmù náà, níbi tí ìrìn búlọ́ọ̀kù kan ti dọ́gba pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù 8 nínú ayé àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ náà á máa yí gbirigbiri, nítorí kò sí orírun yẹn níbẹ̀. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti ń so kọ́ńpáàsì mọ́ lodestone, òkúta kan tí a ń gbé kalẹ̀ síbi tó wù wá, kí ó lè ní ibi tí yóò máa wò. Ní ọdún 2022 ni òmíràn dé, tí ó ń tọ́ka sí ibi tí olówó rẹ̀ kú sí kẹ́yìn. Ẹrù tí ó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó kú kì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú 5 lọ nílẹ̀ kí ó tó pòórá, bí ẹnìkan bá ti wà nítòsí rẹ̀. Bí ẹ bá pe ọmọ yín wá jẹun tí kò dáhùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ wo irú kọ́ńpáàsì tí ó dì mú.