Ṣé ẹgbẹ́ McLaren fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ eré ìje Formula 1 rẹ̀, ṣé ó sì lè tú u?

Rárá sí méjèèjì: Mercedes ló ń ṣe é, ní Brixworth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, McLaren kàn ń sanwó ni, láti 2021.

Ẹ́ńjìnnì V6 lítà 1.6 ni, ó ní tọ́bò tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀ àti mọ́tò iná mànàmáná. Mẹkáníìkì ní Adó-Èkìtì lè tú orí ẹ́ńjìnnì kó pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó máa bi í. Ní Formula 1, èdìdì FIA, àjọ tó ń darí eré ìje ọkọ̀ lágbàáyé, wà lára ẹ́ńjìnnì. Bó bá já láìsí ojú FIA níbẹ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ lò ó mọ́. Ẹ́ńjìnnì 4 péré ni awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ní fún gbogbo 2025. Ẹni tó bá lo ìkarùn-ún, àyè 10 ló máa fi sún sẹ́yìn níbi tí wọ́n ti ń gbéra.

Òfin ò gba Mercedes, tó ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ nínú ìdíje náà, láyè láti ta èyí tó rẹlẹ̀ sí tirẹ̀ fún oníbàárà. Ìyẹn ni McLaren ṣe lè fi ẹ́ńjìnnì kan náà na Mercedes ní 2024, tó sì gba ife àwọn ẹgbẹ́.

Àdéhùn náà lè dàrú o. Láti 2015 sí 2017, Honda ló ń ṣe ẹ́ńjìnnì McLaren. McLaren fẹ́ kí ìdí ọkọ̀ rí tín-ín-rín, Honda wá há ẹ́ńjìnnì mọ́ àyè tó kéré jù. Ó ń bàjẹ́ léraléra.

Ti Ferrari yàtọ̀: òun ló ń ṣe ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀.