Bíléèdì tó ń tú aṣọ tó dáa

Àbúrò mi, o ní o ti kọ project rẹ lẹ́ẹ̀mẹfà, o ò tíì fún supervisor rí, pé oorun ò kùn ẹ́ mọ́, o wá ń béèrè bóyá kéèyàn máa fẹ́ kí gbogbo nǹkan pé pérépéré lè fa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ó lè fà á o. Ó ṣe mí rí.

Télọ̀ ni mí ní Mọ́kọ́lá níbí. Léèsì ìyá ìyàwó kan ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Sátidé ni ìgbéyàwó, mo ti rán an tán ní Ọjọ́rú, ó dáa, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi gan-an ń yìn ín. Mo wá gbé apá bùbá méjèèjì síra, ó dà bíi pé ọ̀kan fi ìwọ̀nba bíńtín gùn ju èkejì, mo mú bíléèdì mo tú u, mo rán an, mo tún tú u. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹrin, aago méjì òru, iná ti lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń wò ó, ibi tí bíléèdì ń gbà ti ń ya, okùn ń yọ níbẹ̀ wẹẹrẹ. Aṣọ míì ni màmá yẹn wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ wọn. Wọn ò bá mi jà, wọ́n kàn ní "ó ti tán, ọmọ mi." Èmi ni mo bá ara mi jà fún oṣù mẹ́ta.

Mi ò lè rán nǹkan mọ́. Màá jókòó sídìí másíìnì látàárọ̀ dalẹ́, aṣọ oníbàárà kún inú Ghana-must-go, mi ò ní fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Àmàlà dà bí iyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu mi. Wọ́n ní kí n gbààwẹ̀, mo gbà á, nínú ààwẹ̀ yẹn náà mo ń ka iye ìgbà tí ọkàn mi kúrò lórí àdúrà.

Ẹ̀gbọ́n mi ló mú mi lọ rí dókítà ọpọlọ. Ó ní àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní Kánádà, Hewitt àti Flett, ti pín kéèyàn máa fẹ́ kí gbogbo nǹkan pé pérépéré yìí sọ́nà mẹ́ta láti 1991: kéèyàn máa le mọ́ ara ẹ̀, kó máa le mọ́ ẹlòmíì, àti kó gbà pé aráyé ò ní ka òun sí àfi tóun ò bá ṣàṣìṣe rárá. Ibi ẹ̀kẹta yẹn ni mo ti bú sẹ́kún, torí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, tá a bá rán nǹkan wọ́, ẹnu ọ̀nà ló máa ń fi í kọ́ sí kí gbogbo àdúgbò wò ó.

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí dáadáa: mo tún fẹ́ gba ìtọ́jú láìkù síbì kan. Màá lọ aṣọ mi, màá kun páúdà, tí dókítà bá bi mí, "ara ti yá sà." Mo gbàgbé oògùn lọ́jọ́ méjì, mo ní ó ti bàjẹ́ nìyẹn, mo pa á tì pátápátá. Mo padà kà á pé Sidney Blatt, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Yale, kọ ọ́ ní 1995 pé nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ 16 tọ́jú àwọn tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń le mọ́ ara wọn bí èmi ni ìtọ́jú ò fi bẹ́ẹ̀ ràn, ìbáà jẹ́ oògùn, ìbáà jẹ́ ti ká jókòó sọ̀rọ̀. Ìgbà kẹta tí mo lọ ni mo tó sọ pé Dókítà, irọ́ ni mo ń pa fún yín, àtìgbà yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn, díẹ̀díẹ̀.

Ó ní kí n rán aṣọ kan, kí n má tú nǹkan kan níbẹ̀, kí n fún èèyàn wọ̀. Mo rán àǹkárá fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, síìpù ẹ̀ wọ́ díẹ̀, ọwọ́ mi ń làágùn, àfìgbà tí mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi lọ gbé bíléèdì pamọ́. Ọmọ yẹn wọ̀ ọ́ lọ sí Sunday school, ó ta epo mọ́ínmọ́ín sí i láyà, ó ní òun ò bọ́ ọ.

Gbé èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ yẹn fún supervisor bó ṣe wà. Tí èrò pé o fẹ́ kú bá wá pẹ́nrẹ́n, má dọ̀la o, sọ fún ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbélé lálẹ́ yẹn, kó tẹ̀ lé ẹ lọ sọ́síbítù. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, tí o ò bá fẹ́ dá lọ, màá ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́jọ́ kan ká jọ lọ.