Osùn Ara Àlùkò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, a máa ń sọ pé àlùkò ló losùn. Níbo ni ó ti rí osùn náà, ibo sì ni ẹyẹ yìí ń gbé?

ÌDÁHÙN: Ara rẹ̀ náà ni ó ti ń wá. Èròjà pupa inú ìyẹ́ apá rẹ̀ ní bàbà nínú, kò sì sí irú rẹ̀ lára ẹyẹ mìíràn àfi ní ìdílé àlùkò. Ìgbà tí ó bá ń fò ni pupa náà máa ń hàn gbangba. Bí ó bá bà sórí ẹ̀ka, àwọ̀ tí àwa Yorùbá fi orúkọ rẹ̀ pè, elésè-àlùkò, ni ojú ń rí. Igbó etí odò ni ó fẹ́ràn, láti Senegal dé Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, pàápàá níbi tí ọ̀pọ̀tọ́ bá ti so, nítorí èso ni olórí oúnjẹ rẹ̀. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, nítorí ohùn rẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́.