Lọ́ńdọ̀nù sí Tókíò: kí ló dé tí wákàtí fi ju ohun tí ẹ ṣírò lọ

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò o. Ẹ ní ẹ fi 900 kìlómítà tí bàálù ń fò láàárín wákàtí kan pín 9,600 kìlómítà, ẹ rí wákàtí 10 àti ogójì ìṣẹ́jú, àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì yín láti Lọ́ńdọ̀nù sí Tókíò ń sọ wákàtí 14. Ìṣirò yín tọ̀nà. Ojú ọ̀nà tí ẹ ṣírò ni bàálù ò gbà mọ́.

Nǹkan bí 9,600 kìlómítà ló wà láàárín ìlú méjèèjì lóòótọ́ bí ẹ bá lọ tààrà, orí Sìbéríà, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, sì ni ọ̀nà tààrà yẹn gbà kọjá. Ibẹ̀ là ń gbà tẹ́lẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá gbé mi lọ. Bí wákàtí 12 la fi ń dé, nígbà míì kì í tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, tí ogun Yukréìn bẹ̀rẹ̀, Rọ́ṣíà fòfin de àwọn bàálù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé wọn ò gbọ́dọ̀ gba ojú òfurufú òun. Àwọn bàálù Jàpáànù náà ń yà fún un. Ní báyìí, ìhà gúúsù la ń gbà yípo: Túrkì, Òkun Caspian, Kàsàkístánì, Ṣáínà. Ẹ má fojú kéré wákàtí méjì tó lé yẹn. Láti wákàtí kẹtàlá ni ẹsẹ̀ mi máa ń wú, oorun ò sì ní wá mọ́.

Bíbọ̀ ló ń ya èèyàn lẹ́nu jù. Lọ́ńdọ̀nù wà ní ìwọ̀ oòrùn Tókíò, síbẹ̀ ẹ lè rí i pé bàálù kọrí sí ìlà oòrùn, ó gba orí òkun lọ sí Alaska tó jẹ́ ara Amẹ́ríkà, ó wá gba orí Greenland sọ̀ kalẹ̀ sí Yúróòpù. Obìnrin tó jókòó tì mí nígbà kan pe òṣìṣẹ́ bàálù, ó ní ṣé kì í ṣe Amẹ́ríkà la ń lọ báyìí. Atẹ́gùn ló fà á. Atẹ́gùn líle kan wà lókè tó ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn. Lórí Jàpáànù nígbà òtútù, ó lè ju 300 kìlómítà lọ láàárín wákàtí kan. Bí bàálù bá dojú kọ ọ́, yóò dá a dúró. Bó bá kọ ẹ̀yìn sí i, yóò tì í lọ.

Ẹ tún ṣọ́ra fún aago orí tíkẹ́ẹ̀tì, aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Tókíò fi wákàtí 9 ṣáájú Lọ́ńdọ̀nù nígbà òtútù, ó fi 8 ṣáájú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí Jàpáànù kì í yí aago padà. Ìdí nìyẹn tí bàálù tó gbéra ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ní Tókíò fi lè balẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán ọjọ́ kan náà.

Bí ẹ bá fẹ́ kó yá díẹ̀, àwọn bàálù ilẹ̀ Ṣáínà ṣì ń gba orí Rọ́ṣíà, ẹ wo iye wákàtí tí ẹ máa fi dúró ní Bẹ́ẹ̀jìnì tàbí Shanghai kí ẹ tó ra á. Bí ẹ bá sì ní bàálù míì láti wọ̀ ní Tókíò, ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo.